Oúnjẹ Tí Ara Ọmọ Kọ̀: Ìtàn Ẹ̀pà ní Ilẹ̀ Bìrìtéènì

Bí àgbàlagbà kan bá gbéra láti Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta lọ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, tí ó sì di ẹ̀pà sísun lọ́wọ́ fún wọn, ẹnu lè yà á láti gbọ́ pé ọmọ kò gbọdọ̀ mú ẹ̀bùn náà dé iléèwé. Ọ̀pọ̀ iléèwé ní ilẹ̀ Bìrìtéènì ni kò gba ẹ̀pà láàyè nínú ọgbà wọn mọ́. Ìkìlọ̀ nípa ẹ̀pà wà lára ògiri yàrá ìjẹun, ó sì wà lára páálí bísíkíìtì. Ẹ̀rù tí ń ba àwọn olùkọ́ àti òbí kì í ṣe ẹ̀rù ojo. Àwọn ọmọ kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá jẹ ẹ̀pà tí kò tó ẹyọ kan, ètè wọn yóò wú, ara wọn yóò sú, ọ̀nà ọ̀fun wọn yóò fún, mímí yóò sì di ìṣòro fún wọn. Bí a kò bá tètè gún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní abẹ́rẹ́ adrẹnalíìnì, ó lè kú.

Àgbàlagbà náà kò ní ṣàìbéèrè pé: àwọn ọmọ ìgbà tiwọn ńkọ́? Ṣé wọn kò jẹ ẹ̀pà ni? Àbí wọ́n ń kú tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tí ó pa wọ́n? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àgbàlagbà nìkan. Àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ̀lú ti bi ara wọn ní irú rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn kan sọ pé àlẹ́jì oúnjẹ kò pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, pé ojú ni ó là tí a fi ń rí i. Àwọn mìíràn sọ pé ó pọ̀ sí i, pé ohun kan nínú ìgbé-ayé òde òní ni ó fà á. Èwo ni òtítọ́ nínú méjèèjì? Ìtàn ẹ̀pà ní ilẹ̀ Bìrìtéènì fi hàn pé àlẹ́jì náà pọ̀ sí i ní tòótọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Ó tún fi hàn pé ìmọ̀ràn tí àwọn amòye fi ìfẹ́ gba àwọn òbí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ó dínkù.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ó yẹ kí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe kedere. Yorùbá mọ ohun tí èèwọ̀ jẹ́. Bí ìdílé kan kò bá jẹ òkété, àṣà àti ìgbàgbọ́ àwọn baba ńlá wọn ni ó fi òfin náà lélẹ̀. Àlẹ́jì kì í ṣe èèwọ̀. Ìdílé kọ́ ni ó kọ oúnjẹ náà, ara ọmọ ni ó kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àlẹ́jì yàtọ̀ sí inú kíkùn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni inú wọn máa ń kùn bí wọ́n bá mu wàrà màlúù, nítorí pé èròjà tí ń lọ ṣúgà inú wàrà nínú ìfun wọn ti dínkù láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní ọmọ-ọwọ́. Ìyẹn ń ni ènìyàn lára, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlẹ́jì.

Ní ti àlẹ́jì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ni ó ṣìnà. Olúkúlùkù ènìyàn ni ó ní ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí nínú ẹ̀jẹ̀ àti awọ rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti bá kòkòrò àrùn àti aràn jà. Nígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀pà, ẹyin, wàrà tàbí ẹja, tí wọ́n sì ṣì í mú fún ọ̀tá, ogun yóò bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀pà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi nínú ogun náà. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni ogun náà ń bà jẹ́.

Bí ìmọ̀ yìí ṣe dé ọ̀dọ̀ aráyé jẹ́ ìtàn kan tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ní ọdún 1901, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé méjì, Charles Richet àti Paul Portier, bá ọkọ̀ Ọmọba Albert Kìíní ti Monaco rin ìrìn-àjò lójú òkun. Wọ́n ṣe ìwádìí oró àwọn ẹran omi kan tí ń ta ènìyàn bí èsìsì. Nígbà tí wọ́n padà dé ilé, wọ́n ń fún àwọn ajá ní oró irú ẹran omi bẹ́ẹ̀, láti mọ̀ bóyá yóò mọ́ wọn lára ní díẹ̀díẹ̀ tí kò fi ní lè pa wọ́n mọ́. Òdìkejì ni wọ́n rí. Ní 1902, wọ́n tún fún ajá kan ní oró kékeré lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti kọ́kọ́ gba irú rẹ̀ tí kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Kò tó ìdajì wákàtí tí ajá náà fi kú. Richet pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ náà ní anaphylaxis, èyí tí ó túmọ̀ sí òdìkejì ààbò. Ní 1913 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí.

Ní 1906, Clemens von Pirquet, dókítà àwọn ọmọdé ní ìlú Vienna, fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun kan, allergy. Ohun tí ó fẹ́ fi sọ ni pé ara tí ó ti pàdé nǹkan kan rí kì í ṣe sí i bí ara tí kò pàdé rẹ̀ rí. Láti inú ọ̀rọ̀ náà ni àlẹ́jì ti wọ inú èdè gbogbo ayé.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan ẹja. Ní 1921, dókítà méjì ní ilẹ̀ Jámánì, Carl Prausnitz àti Heinz Küstner, fi ara wọn ṣe àyẹ̀wò. Ara Küstner kò gba ẹja, ti Prausnitz sì gbà á. Wọ́n mú omi inú ẹ̀jẹ̀ Küstner, wọ́n gún un sí abẹ́ awọ Prausnitz. Ní ọjọ́ kejì wọ́n fi èròjà ẹja kan ojú ibẹ̀, ojú ibẹ̀ sì wú. Nípa báyìí ni ó fi hàn pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ń ru ogun náà sókè, tí ó sì ṣeé gbé láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Ó tó ọdún márùnlélógójì lẹ́yìn náà kí ọwọ́ tó tẹ nǹkan ọ̀hún. Kimishige àti Teruko Ishizaka, tọkọtaya ọmọ Japan tí ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ròyìn rẹ̀ ní 1966. Johansson àti Bennich ní ilẹ̀ Sweden rí i lọ́tọ̀ ní 1967. Ní 1968, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi pè é: IgE. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a sì mọ̀ bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ti sàmì sí oúnjẹ kan.

Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ dókítà rí kọ́ nínú ìtàn ajá Richet ni pé ìpàdé àkọ́kọ́ ni ó ń dá ọ̀tá sílẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ó dára jù ni kí ọmọ má tètè pàdé oúnjẹ tí a ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kò gba àfiyèsí tó bẹ́ẹ̀. Ní 1911, Wells àti Osborne ní Amẹ́ríkà ròyìn ohun tí wọ́n rí lára àwọn ẹranko kéékèèké kan tí wọ́n ń sìn fún àyẹ̀wò. Àwọn ẹranko tí wọ́n ti ń fún ní irúgbìn kan jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ṣeé sọ di ọ̀tá irúgbìn náà mọ́, àní bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún èròjà rẹ̀ sí wọn lára. Abẹ́rẹ́ ni ó gbé oró wọ ara ajá Richet, ẹnu ni oúnjẹ gbà wọ ara àwọn ẹranko ti Wells. Ọ̀nà tí nǹkan gbà wọlé kò jọra, nítorí náà ìkíni tí ara kí i kò jọra. Ọ̀rọ̀ yìí yóò tún padà wá.

Ó tó àkókò láti bi ìbéèrè àgbàlagbà náà: ṣé lóòótọ́ ni àlẹ́jì pọ̀ sí i? Ẹni tí yóò dáhùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń kà. Ní 1994, ìwádìí kan ní ilẹ̀ Bìrìtéènì fi hàn pé nǹkan bí 20 nínú 100 ènìyàn ni ó sọ pé oúnjẹ kan kò bá àwọn lára mu. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò nípa fífún wọn ní oúnjẹ náà láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n rí i pé iye tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní tòótọ́ kò tó 2 nínú 100. Ní Isle of Wight, erékùṣù kan ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn òbí ni ó sọ pé oúnjẹ kan ti yọ ọmọ wọn lẹ́nu kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta. Nínú ìwádìí náà, tí ó jáde ní 2008, nǹkan bí 5 sí 6 nínú 100 ni àyẹ̀wò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàrin àwọn ọmọ iléèwé tí ó lé ní 1,600 ní Ghana, tí ó jáde ní 2013, fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ 17.5 nínú 100 wọn ní IgE tí ó kọjú sí ẹ̀pà. Síbẹ̀ awọ àwọn tí ó wú nígbà tí wọ́n fi ẹ̀pà kàn án kò ju 2 nínú 100 lọ. Àwọn olùwádìí so ìyàtọ̀ yìí mọ́ aràn tí ó wà nínú ara ọ̀pọ̀ wọn, èyí tí ó mú kí IgE pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ láìmú àìsàn wá. Ẹni tí ó bá ka IgE nìkan yóò pariwo pé àlẹ́jì ẹ̀pà ti gba ilẹ̀ Ghana kan, ọ̀rọ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Apá kan nínú ariwo òde òní, nígbà náà, jẹ́ ti ojú tí ó là, apá kan sì jẹ́ ti àṣìmú. Ṣùgbọ́n ìyókù kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní Isle of Wight kan náà, wọ́n fi àyẹ̀wò awọ kan náà yẹ àwọn ọmọ wò ní ẹ̀ẹ̀mejì nígbà tí wọ́n tó ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Nínú àwọn tí a bí ní 1989, 1.1 nínú 100 ni awọ wọn kọ ẹ̀pà. Nínú àwọn tí a bí láàrin 1994 sí 1996, iye náà ti di 3.3 nínú 100. Ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi àwọn ìdílé lórí tẹlifóònù: ní 1997, 0.4 nínú 100 ọmọ ni òbí sọ pé ó ní àlẹ́jì ẹ̀pà, ní 2008 ó di 1.4. Ní Melbourne ní ilẹ̀ Ọsirélíà, níbi tí wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ náà jẹ lójú dókítà, èsì tí ó jáde ní 2011 fi hàn pé ó lé ní 10 nínú 100 ọmọ ọdún kan tí ó ní àlẹ́jì oúnjẹ kan tàbí òmíràn. Nígbà tí ọ̀nà àyẹ̀wò kò yí padà, tí iye sì yí padà, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nínú ayé àwọn ọmọ.

Kí ni nǹkan náà? Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ìdílé, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé kì í yí padà láàrin ogún ọdún. Ní Melbourne, àwọn òbí tí wọ́n ṣí wá láti Ìlà-Oòrùn Éṣíà kò fi bẹ́ẹ̀ ní àlẹ́jì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Ọsirélíà ní àlẹ́jì ẹ̀pà ju ọmọ àwọn onílé lọ. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà, ibùgbé ni ó yí padà. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ìdílé tí ó bá ṣí kúrò ní ilẹ̀ baba rẹ̀.

Èrò àkọ́kọ́ tí ó gbilẹ̀ ni ti ìmọ́tótó. Ní 1989, Dókítà David Strachan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé lórí 17,414 ọmọ Bìrìtéènì tí a bí ní oṣù kẹta ọdún 1958, tí wọ́n sì tẹ̀ lé títí wọ́n fi di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Ó rí i pé ọmọ tí ó ní ẹ̀gbọ́n púpọ̀ nínú ilé kì í sábà ní àìsàn sísín àti ojú yíyún tí ìyẹ̀fun òdòdó máa ń fà. Ó dá a lábàá pé ó lè jẹ́ pé àrùn kéékèèké tí àwọn ẹ̀gbọ́n ń kó wá sí ilé ni ó ń kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ní iṣẹ́ wọn, àti pé ìdílé kékeré àti ilé mímọ́ tónítóní ti gba ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ ọmọ òde òní. Èrò náà lágbára, ó sì ti ran ìmọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òdòdó ni Strachan sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kò sì sí olùkọ́ tí ó yẹ kí ó ti ibẹ̀ dé orí pé kí ọmọ má fọ ọwọ́, nítorí pé àrùn tí ọwọ́ ìdọ̀tí ń gbé wọ inú ti pa ọmọ tí kò lóǹkà.

Èrò kejì ni ti awọ. Ní 2003, Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ìwádìí lórí nǹkan bí 14,000 ọmọ ní agbègbè Bristol. Wọn kò rí i pé ẹ̀pà tí ìyá jẹ nínú oyún ni ó fa àlẹ́jì ọmọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ tí awọ wọn ń yún tí ó sì ń bó, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́kísímà, àti àwọn tí wọ́n fi ìpara tí òróró ẹ̀pà wà nínú rẹ̀ pa lára, ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ní àlẹ́jì ẹ̀pà. Ẹ̀kọ́ ọdún 1911 tún jáde nígbà náà. Àlejò tí ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni onílé ń fi omi tútù pàdé. Ẹni tí ó bá gba ojú fèrèsé tí ó fọ́ wọlé, olè ni onílé yóò pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọlúwàbí. Ẹnu ni ẹnu ọ̀nà oúnjẹ, awọ tí ó bó sì ni fèrèsé tí ó fọ́. Bí ẹ̀pà inú ìpara tàbí eruku ẹ̀pà inú ilé bá ti gba ara awọ wọlé kí ọmọ tó fi ẹnu kàn án, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti pè é ní olè kí ó tó dé orí tábìlì.

Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, ohun tí ó burú jù tí a lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí a ti ẹnu ọ̀nà pa kí a sì fi fèrèsé sílẹ̀. Ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ní 1998, ìgbìmọ̀ tí ń gba ìjọba Bìrìtéènì nímọ̀ràn dá a lábàá pé aboyún àti abiyamọ tí ìdílé wọn ní àlẹ́jì, ikọ́ fée tàbí ẹ́kísímà lè yẹra fún ẹ̀pà, kí wọ́n má sì fún ọmọ wọn ní ẹ̀pà kí ó tó pé ọdún mẹ́ta. Ní 2000, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó kọ ìmọ̀ràn wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọmọ ń kó àìsàn, òbí ń béèrè ohun tí wọn yóò ṣe, àwọn amòye kò sì fẹ́ dákẹ́. Wọ́n sọ ohun tí ó jọ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí àyẹ̀wò kan tí ó ti fi hàn pé ọgbọ́n ni.

Kí a má ṣe sọ àsọdùn níhìn-ín. Àwọn ọmọ Isle of Wight tí awọ wọn kọ ẹ̀pà ni a ti bí kí ìmọ̀ràn 1998 tó jáde, nítorí náà ìmọ̀ràn náà kọ́ ni ó dá iná sílẹ̀. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gba omi lọ́wọ́ àwọn tí ì bá fi pa á.

Ibi tí ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ gbọ̀ngàn kan ní Tel Aviv. Lack ń bá àwọn dókítà ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì sọ̀rọ̀, ó sì ní kí ẹni tí ó bá ti rí ọmọ tí ó ní àlẹ́jì ẹ̀pà láìpẹ́ na ọwọ́ sókè. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo dókítà ni ì bá na ọwọ́. Ní Tel Aviv, ọwọ́ tí ó jáde kò ju díẹ̀ lọ. Lack àti George Du Toit pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá fi ìbéèrè ránṣẹ́ lórí àwọn ọmọ Júù tí ó lé ní 10,000 nínú àwọn iléèwé ní ilẹ̀ méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ìyàtọ̀ ẹ̀yà ni. Èsì jáde ní 2008. Nínú àwọn ọmọ Júù ní Bìrìtéènì, 185 nínú 10,000 ni ó ní àlẹ́jì ẹ̀pà. Nínú àwọn ti Ísírẹ́lì, 17 nínú 10,000 ni.

Kí ni ìyàtọ̀ ayé wọn? Ní Ísírẹ́lì, ìpápánu kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bamba, tí wọ́n fi àgbàdo àti ẹ̀pà ṣe. Ó rọ̀, ó sì ń yọ́ lẹ́nu, ìyá a sì máa fi í lé ọmọ lọ́wọ́ kí ọmọ tó lè rìn. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin oṣù 8 sí 14 níbẹ̀ sábà ń jẹ ẹ̀pà ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ní oṣù kan. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Bìrìtéènì kì í jẹ ẹ rárá. Àwọn ìyá Ísírẹ́lì kò ka ìwé kí wọ́n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ilé ni wọ́n fún ọmọ jẹ.

Síbẹ̀, ìfiwéra kì í ṣe ẹ̀rí. Ilẹ̀ méjì lè fi ọgọ́rùn-ún nǹkan yàtọ̀ síra. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ Lack ṣe àyẹ̀wò tí kò sí ẹni tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà. Ilé ìwòsàn ọmọdé Evelina ni wọ́n ti ṣe é, ní gúúsù odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò jìnnà sí Peckham tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. Wọ́n kó ọmọ 640 jọ, tí wọ́n ti lé ní oṣù mẹ́rin ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì pé oṣù mọ́kànlá, tí ó ní ẹ́kísímà líle tàbí àlẹ́jì ẹyin, nítorí pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ewu ẹ̀pà súnmọ́ jù lọ. Wọ́n yọ àwọn tí awọ wọn ti kọ ẹ̀pà gidigidi kúrò. Wọ́n wá pín ìyókù sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú. Apá kan kò ní jẹ ẹ̀pà títí wọn yóò fi pé ọdún márùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn àtijọ́. Apá kejì yóò máa jẹ ẹ̀pà lílọ̀ tàbí Bamba, ó kéré tán nígbà mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀.

Èsì jáde ní oṣù kejì ọdún 2015. Nínú àwọn ọmọ tí awọ wọn kò kọ ẹ̀pà ní ìbẹ̀rẹ̀, 13.7 nínú 100 àwọn tí ó yẹra fún un ni ó ní àlẹ́jì ẹ̀pà nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n 1.9 péré nínú 100 àwọn tí ó jẹ ẹ́ ni ó ní in. Nínú àwọn tí awọ wọn ti ń kọ̀ ọ́ díẹ̀, 35.3 nínú 100 ni ó ní in láàrin àwọn tí ó yẹra, ó sì jẹ́ 10.6 láàrin àwọn tí ó jẹ ẹ́. Ní 2024, nígbà tí àwọn ọmọ náà ti bàlágà, ìròyìn tún jáde pé ààbò náà kò tíì ṣá. Ẹ̀pà tí wọ́n fi pamọ́ fún ọmọ nítorí ìfẹ́ ni ì bá ti dáàbò bò ó.

Àwọn amòye gba àṣìṣe wọn. Ìmọ̀ràn ti Amẹ́ríkà ti yí padà ní 2008, ti Bìrìtéènì ní 2009, ṣùgbọ́n nígbà náà wọ́n kàn ní kí wọ́n má yẹra mọ́ ni. Ní 2017, Amẹ́ríkà gbé ìlànà tuntun jáde pé kí ọmọ tí ewu súnmọ́ tètè bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ̀pà lábẹ́ ìtọ́sọ́nà dókítà. Ìwádìí tí ó jáde ní 2025 láti inú àkọsílẹ̀ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àlẹ́jì ẹ̀pà ti ń dínkù láàrin àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ní Melbourne, níbi tí ìmọ̀ràn ti yí padà ní 2016, ó dínkù díẹ̀ péré, láti 3.1 sí 2.6 nínú 100. Èyí fi hàn pé ẹ̀pà jíjẹ nìkan kọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀, àti pé apá ti awọ àti ti ibùgbé ṣì wà níbẹ̀. Ẹyin, wàrà àti ẹja pẹ̀lú ní ìtàn tiwọn.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi ìtàn yìí kọ́ni gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí ó má bàa fi ẹ̀kọ́ tuntun ṣe irú àṣìṣe tí àwọn ará ìṣáájú fi ti àtijọ́ ṣe. Ẹ̀pà tí ó ń dènà àlẹ́jì kì í wo àlẹ́jì tí ó ti wọlé sàn. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti kọ ẹ̀pà, ẹ̀pà lè pa á, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ dán an wò ní ilé. Ẹ̀pà odindi kò yẹ fún ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí pé ó lè há a lọ́fun. Lílọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ fún un. Bí ọmọ bá jẹ oúnjẹ, tí ètè rẹ̀ wú tí mímí sì nira fún un, ọ̀dọ̀ dókítà ni ó tọ́ láti sáré gbé e lọ láìfi àkókò ṣòfò.

Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù nínú ìtàn náà ni bí ìmọ̀ ṣe ń ṣìnà tí ó sì ń padà sí ọ̀nà. Ó tó ọdún mẹ́wàá tí ìmọ̀ràn 1998 fi wà nílẹ̀ kí wọ́n tó mú un kúrò, ó sì tó ọdún mẹ́tàdínlógún kí àyẹ̀wò tó sọ òtítọ́ rẹ̀. Láàrin àkókò náà, àwọn ọmọ ń dàgbà. Àìmọ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn amòye, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ̀. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n fi ohùn ìmọ̀ sọ ohun tí wọn kò tíì mọ̀. Ìyìn wọn sì ni pé àwọn onímọ̀ kan náà ni ó béèrè ìdí tí ọwọ́ kò fi pọ̀ ní gbọ̀ngàn Tel Aviv, tí wọn kò sì sinmi títí wọ́n fi rí ìdáhùn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Àgbàlagbà tí ó di ẹ̀pà dé Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ohun tí IgE ń jẹ́, òfin iléèwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì tọ́ nítorí àwọn ọmọ tí àlẹ́jì ti mú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ nípa àwọn ọmọ ìgbà àtijọ́ tọ́ pẹ̀lú. Ì bá ti dára kí ẹnì kan ti bi ìgbìmọ̀ 1998 ní irú rẹ̀ kí wọ́n tó fi ọwọ́ sí ìwé.